Ọ̀rẹ́ Mi Kọ́ Ló Pè Mí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. N kò ní bá òwe yìí jà. Ẹni tó bá gbé àgbàdo síse sórí, tó dákẹ́ wọ àdúgbò, tó sì dákẹ́ jáde, kí ó má bínú bí àgbàdo rẹ̀ bá tutù mọ́ ọn lórí. Ẹnu ni a fi ń pe oníbàárà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi láti bí ọdún kan sẹ́yìn, òun ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí. Bí ohun tí a ń tà kì í bá ṣe àgbàdo, tó jẹ́ pé ènìyàn ni, ǹjẹ́ ìpolówó ṣì jẹ́ àgúnmu? Bí irú ọjà bẹ́ẹ̀ bá sì ti gbó, tí àwọn tó ń ná an ti tú ká, ọ̀nà wo ló tọ́ láti gbà pè wọ́n padà?

Ẹ má fòyà, òwò ẹrú kọ́ ni mò ń sọ. Eré orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, irú èyí tí ènìyàn kì í dá ṣe. Bí ẹ bá ra bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà ni ẹ rà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ inú irú eré tí mò ń wí yìí, àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ gan-an ni ẹ wá bá. Àwòrán rẹ̀ lè má fi bẹ́ẹ̀ dára, òfin rẹ̀ lè rọrùn bí òfin bojúbojú, síbẹ̀ ẹ ó fi oorun sílẹ̀ nítorí pé ẹnìkan tí ẹ mọ̀ wà níbẹ̀ lóru yẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kàn ṣe ọgbà ni, àwọn tó wọ ọgbà náà ni wọ́n sọ ọ́ di ọjà. Ìdí nìyí tí ogbó rẹ̀ kò fi dà bí ogbó bàtà. Wíwọ̀ tí a ń wọ bàtà ló ń mú un gbó. Ní ti eré yìí, ọjọ́ tí a kò wọ inú rẹ̀ mọ́ ni ogbó rẹ̀ dé.

Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù ni FarmVille. Ilé-iṣẹ́ Zynga ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà ló gbé e sórí Facebook ní oṣù Kẹfà ọdún 2009, nígbà tí wọ́n ṣì ń pọn irú wa sẹ́yìn. Eré oko dídá ni. Wọ́n á fún ènìyàn ní ilẹ̀ kékeré, á ro ó, á gbin nǹkan sí i, á sì padà wá kórè. Sitirọ́bẹ́rì a máa pọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin péré, ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá pẹ́ jù kó tó padà, gbogbo rẹ̀ á rọ, owó tó fi gbìn ín á sì wọgbó. Bí ó bá fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ sí i, àfi kí ó ní àwọn aládùúgbò tó tó iye kan, tàbí kí ó san owó gidi. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ orí Facebook ni wọ́n sì ń jẹ́ aládùúgbò. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, àwọn tó ń wọ oko yìí láàárín oṣù kan ti lé ní 80 mílíọ̀nù. Iye yẹn tó bí ìdajì gbogbo ọmọ Nàìjíríà ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó rí ẹyọ iṣu kan jẹ níbẹ̀.

Báwo ló ṣe tàn kálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Zynga san owó ìpolówó o, ṣùgbọ́n ohùn tó dún jù ni ohùn ọ̀rẹ́. Bí màlúù kan bá ṣìnà wọ oko yín, eré náà á ní kí ẹ kéde rẹ̀ sójú ewé Facebook yín kí ọ̀rẹ́ yín kan lè wá gbà á tọ́jú. Bí ẹnìkan bá fi igi ta yín lọ́rẹ, á máa ṣe yín bí ẹni pé ẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè igi. Báyìí ni ọ̀rẹ́ ń pe ọ̀rẹ́, tí ọ̀rẹ́ ń jẹ ọ̀rẹ́ ní gbèsè, títí tí àwọn tí kò dá oko kankan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé màlúù ti gba ojú ewé mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, Facebook ní irú àwọn eré bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ máa fi ìkéde wọn ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn bó ṣe wù wọ́n mọ́. Lẹ́yìn náà ni iye àwọn àgbẹ̀ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í dín.

Zynga kò káwọ́ gbera. Láàárín ọdún yẹn náà, wọ́n bá àwọn ṣọ́ọ̀bù 7-Eleven ṣe àdéhùn, wọ́n fi orúkọ eré náà sára ife ohun mímu àti áísìkiriìmù, ẹni tó bá rà á á sì rí nǹkan gbà sínú oko rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, wọ́n gbé Lady Gaga wọlé. Wọ́n ṣe oko kan tí wọ́n pè ní GagaVille, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un níbẹ̀ á gbọ́ lára orin inú àwo tuntun rẹ̀ kí àwo náà tó jáde. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, wọ́n gbé FarmVille kejì jáde. Bó bá jẹ́ pé àgúnmu ni ìpolówó lóòótọ́, wọ́n lá àgúnmu náà yó. Síbẹ̀, oko àkọ́kọ́ kò kún mọ́ bó ṣe kún ní ọdún 2010.

Èrò tèmi ni pé gbajúmọ̀ lè kó èrò dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò lè bá wọn jẹ́ aládùúgbò. Ẹni tó wá nítorí orin á gbọ́ orin, á sì máa lọ. Kì í ṣe orin ló dá àwọn ti tẹ́lẹ̀ dúró. Ohun tó dá wọn dúró ni pé àbúrò wọn tàbí ọmọ kíláàsì wọn àtijọ́ kan wà ní oko kejì, tí wọ́n lè bá a fi ajílẹ̀ sí ohun ọ̀gbìn rẹ̀. Nígbà tí onítọ̀hún bá lọ, oko rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa ń kí ọgbà tí kò sí olóko nínú rẹ̀?

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ìwà ti wọ ọ̀rọ̀ òwò. Ilé-iṣẹ́ tó bá ti mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni oníbàárà ń tẹ̀ lé wá, tí ọ̀rẹ́ sì ti lọ, kí ni yóò ṣe? Ọ̀nà tó yá jù ni kí ó máa fi ohùn ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. N kò ní dárúkọ eré náà, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní SS1, àwa méje nínú kíláàsì wa jọ ń kọ́ ìlú kan lórí fóònù. Nígbà tí a dé SS2, iṣẹ́ ilé-ìwé pọ̀, dátà wọ́n, èyí tó sún mọ́ mi jù nínú wọn sì bá àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Ìlọrin. Ìlú tí a ń kọ́ dahoro. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́jọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi láti inú eré náà. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi yìí ló wà lórí rẹ̀. Ó ní ó ń dúró dè mí, pé àárò mi ń sọ ọ́. Inú mi dùn dénú. Owó tí mo fẹ́ fi ra bírò ni mo fi ra dátà.

N kò bá ẹnikẹ́ni. Ilé tí a jọ kọ́ wà bí a ṣe fi í sílẹ̀, àwọn ohun títà tuntun nìkan ló ń tàn yanran káàkiri. Ni mo bá pe ọ̀rẹ́ mi. Ẹnu yà á. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti yọ eré náà kúrò lórí fóònù òun, pé kí òun tó yọ ọ́ gan-an, irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ òun, orúkọ tèmi ló wà lórí rẹ̀. Òun wọlé, òun dúró títí, òun kò rí mi. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun kò fi pè mí láti ìgbà náà, nítorí òun rò pé mo fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ẹ wò ó. Ẹnìkan tó ń bínú sí mi nítorí ọ̀rọ̀ tí n kò sọ, àti èmi tí inú mi ń dùn nítorí ọ̀rọ̀ tí òun kò sọ. A sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan lọ́jọ́ náà, a rẹ́rìn-ín, a sì parí ìjà tí èmi kò mọ̀ pé a ń jà.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá mi, wọ́n ní, “Ṣé ẹ ti wá bára yín sọ̀rọ̀ báyìí? Irọ́ tó parí ìjà, kí ló burú níbẹ̀?” Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló máa gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó ni mo rí i pé kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ló parí ìjà. Òun ló dá a sílẹ̀. Ìpè tí mo fi ẹnu ara mi pe ọ̀rẹ́ mi ló parí rẹ̀. Ẹni tó da omi sílẹ̀ kò lè gba ìyìn pé ilẹ̀ ti mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló mú àkísà.

Ìbéèrè kejì tí màmá mi bi mí ló le jù. Aṣọ ni wọ́n ń tà. Wọ́n ní, “Èmi náà máa ń pe àwọn oníbàárà mi tó bá ti pẹ́ tí mo ti rí wọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé àárò wọn ń sọ mí. Ṣé irọ́ ni mò ń pa?” N kò rí èsì fọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sílẹ̀ bí wọ́n bá ń pe oníbàárà. Wọ́n á kí ìyá, wọ́n á bèèrè ọmọ tó ṣàìsàn ní oṣù tó kọjá, wọ́n á sì dárúkọ ọmọ náà. Wọ́n á bèèrè bóyá ilé tí wọ́n ń kọ́ ti kan òrùlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá sọ pé àǹkárá tuntun ti dé o, ẹ yà wá wò ó. Ẹni tí wọ́n ń pè mọ̀ pé ìyá aláṣọ ló ń pe òun, ó sì mọ̀ pé ìyá aláṣọ fẹ́ tajà. Bí onítọ̀hún bá sọ pé kò sí owó, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ní kò burú.

Nítorí náà, n kò gbà pé èrè tí ènìyàn ń wá ló ń sọ ìkíni di irọ́. Àárò oníbàárà lè sọ ènìyàn, kí àárò owó rẹ̀ náà sì máa sọ ọ́, kí méjèèjì jẹ́ òótọ́. Ohun tí mo ń bá jà ni kí a yá ẹnu ẹlòmíràn láìsọ fún un. Òwe wa kan wà tó ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yẹn kọ́ wa bí a ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọn kò rán wa dáadáa. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi kò rán eré náà sí mi. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń fi orúkọ òun tajà.

Ẹnìkan lè ní ṣé kí eré tó bá ti gbó máa kú lọ ni? Rárá o. Ilé-iṣẹ́ Jagex ní ìlú Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní eré kan tó ń jẹ́ RuneScape, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2001. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe, títí tí àwọn tó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀ kò fi dá ilé wọn mọ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ wọn sì lọ. Jagex ní ẹ̀dà kan nípamọ́, bí eré náà ṣe wà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, wọ́n bi àwọn ènìyàn pé kí wọ́n dìbò bóyá kí wọ́n ṣí i padà. Àwọn tó dìbò lé ní 400,000, wọ́n sì ṣí i ní oṣù yẹn náà, wọ́n pè é ní Old School RuneScape. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ fi ohun ńlá kan kún un, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e fún àwọn tó ń ṣe é láti dìbò sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àfi kí 75 nínú ọgọ́rùn-ún fọwọ́ sí i. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n sọ ọ́ di 70. Lónìí, àwọn tó ń ṣe ti àtijọ́ yìí pọ̀ ju àwọn tó ń ṣe ti ìgbàlódé lọ.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìfẹ́ Ọlọ́run ni Jagex fi ṣe é. Owó oṣooṣù ni wọ́n ń gbà, ìbò náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ìpolówó tó dára. Ṣùgbọ́n ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, wọ́n sọ ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n bi sì lè dáhùn pé rárá kí nǹkankan má bà jẹ́. Ẹ fi wé sitirọ́bẹ́rì tó ń rọ. Bí FarmVille bá ní kí ẹ padà wá, ẹ kò lè kọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbìn bà jẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ìpè mọ́, a ti fi okùn sí i.

Mo máa ń ronú kan ayò ọlọ́pọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, ènìyàn méjì, àwọn òǹwòran tó ń dá sí ohun tí kò kàn wọ́n. Bí ẹ kò bá débẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ọmọ ayò kò ní rọ, kò sì ní fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n fi ayò yangàn jù. Ayò náà ti ń darúgbó láàárín àwa ọ̀dọ́. Nínú kíláàsì wa, àwọn tó mọ̀ ọ́n ta kò tó ìka ọwọ́ kan. Ilé-ìwé wa ń ṣe ìdíje rẹ̀ lọ́jọ́ àṣà, wọ́n ń kéde rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n sì ń fún ẹni tó bá di ọ̀ta ní ẹ̀bùn. Ìpolówó nìyẹn náà, n kò sì rí àléébù nínú rẹ̀. Kódà bí wọ́n bá sọ fún mi pé bàbá mi àgbà ń dúró dè mí nídìí ọpọ́n ayò, òótọ́ ni ì bá jẹ́. Wọ́n ń dúró lóòótọ́, wọ́n sì ti ń bú mi pé mo pẹ́.

Eré mìíràn sì wà tí ikú tọ́ sí, kí a sin ín dáadáa. FarmVille àkọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, nítorí pé Flash tí wọ́n fi ṣe é kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Láti oṣù Kẹsàn-án ni Zynga ti sọ fún àwọn ènìyàn, wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọn kò ní gba owó lọ́wọ́ wọn mọ́ ṣáájú ọjọ́ ìparí. Ní ti Club Penguin, eré àwọn ọmọdé tó bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà ní ọdún 2005 tí Disney sì rà ní ọdún 2007, àwọn ọmọ náà ti gbà láti ọjọ́ pípẹ́ pé bí àwọn bá pọ̀ tó, àwọn lè dojú òkè yìnyín kan dé. Kò ṣeé ṣe rí, àfi ní ọdún 2017, nígbà tí wọ́n ti kéde pé àwọn máa tì í ní òpin oṣù Kẹta. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbà kí ó dojú dé, àwọn tó ti fi í sílẹ̀ tipẹ́ sì padà wá. Ó ṣe mí bí ohun tí a ń rí nílé. Àwọn tí kì í bẹ bàbá wò nígbà tó wà láàyè, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ra aṣọ ẹbí lọ́jọ́ òkú rẹ̀.

Nígbà tí mo ń kọ àròkọ yìí lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ní ẹnu lásán ni mò ń sọ. Wọ́n ní bí wọ́n bá gbé eré tó ti gbó fún mi lónìí pé kí n jí i dìde, kí ni mo máa kọ sí àwọn tó ti lọ? Mo gba bébà lọ́wọ́ wọn, mo kọ ọ́ báyìí:

“Àwa tí a ni eré yìí ni a ń kọ̀wé sí ọ, kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí o ti wọlé kẹ́yìn. Nínú àwọn tí ẹ jọ ń ṣeré, méjì ṣì wà, a bi wọ́n, wọ́n sì gbà kí a sọ fún ọ. A máa jèrè bí o bá padà. Bí o kò bá padà, ohun tí o kọ́ yóò wà níbẹ̀ bí o ṣe fi í sílẹ̀, a kò sì ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn tó máa padà wá kò ní pọ̀. Mo bi wọ́n pé mélòó. Wọ́n ní bóyá ogún nínú ẹgbẹ̀rún kan. Mo ní kí wọ́n bá mi wá ilé-iṣẹ́ tí ogún ènìyàn bẹ́ẹ̀ máa tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ ṣe WAEC mi ná.